Ọdẹ Orí: Ohun Tó Ń Rìn Nínú Orí Akẹ́kọ̀ọ́

Bí ẹ bá wà nínú dánfó ní Ìyànà Iba báyìí, tí ẹ ki ẹ̀rọ bọ etí, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn tòní ò ní pẹ́ tó súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà níwájú yín yẹn.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Aago méjì òru ti kọjá. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ohun kan ń rìn nínú orí mi. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo ti ń kà láti aago mẹ́wàá, mi ò mọ ohun tí mo kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì."

Ọmọ ogún ọdún ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló jọ háyà yàrá kan ní Iba. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn kí n tó lè fèsì, torí mo mọ ohun tó ń rìn yẹn. Ó ti rìn nínú orí tèmi náà rí.

Ìgbà kẹta tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ni. Òkókómáíkò la ń gbé nígbà náà. Mo máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti kàwé, mo ń bá Mọ́mì tajà lọ́sàn-án, mo ń lọ sí lẹ́sìn nírọ̀lẹ́, mo tún ń kàwé di ọ̀gànjọ́. Nígbà tó yá, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó dà bí ẹni pé kòkòrò ń rá pálá lábẹ́ awọ orí mi. Ojú mi ń ṣú. Bí mo bá ka ìlà mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ á ti fò lọ.

Ẹni mẹ́rin ló fún àìsàn yẹn lórúkọ. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní ibà ni, ó po oògùn pọ̀ fún mi. Ìyá kan nínú ilé wa ní ọwọ́ ayé ni. Bùọ̀dá kan ní ọ̀lẹ ni mí, mi ò fẹ́ kàwé. Ìyá ìyá mi nìkan ló wò mí títí, tó sì ní, "Ọdẹ orí ló ń yọ ọmọ yìí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sinmi." Kò sẹ́ni tó gbọ́ tìyá arúgbó. Kò sì sẹ́ni tó bi mí pé wákàtí mélòó ni mò ń sùn lálẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tòní rèé: kí ni ohun tó ń rìn yẹn? Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé? Kí nìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bí ẹni pé àwa nìkan ló ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ara fúnra rẹ̀. Ẹ ro ó pé ẹ fẹ́ sọdá títì ní Ìyànà Iba. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ gbé ẹsẹ̀. Lójijì, ọlọ́kadà kan já dé láti ibi tí kò yẹ kó gbà. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti fò sẹ́yìn. Àyà yín ń lù kì-kì-kì, ẹnu yín gbẹ, ọwọ́ yín ń gbọ̀n, òógùn bò yín. Ta ló sọ fún ẹsẹ̀ yín pé kó fò? Ẹ ò tíì ráyè ronú rárá.

Ọpọlọ ló ta ara lólobó. Ó ránṣẹ́ sí nǹkan kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín wa bíi fìlà, tí wọ́n ń pè ní adrenal. Àwọn yìí tú oje kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé apá àti ẹsẹ̀. Èémí yára. Ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀ kí iṣan lè rí agbára lò. Ikùn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, torí ẹni tó ń sá fún ikú kì í dúró da oúnjẹ. Bí wàhálà ọ̀hún bá ń bá a lọ, oje mìíràn tó ń jẹ́ cortisol á wá kún un, kí agbára má bàa tán.

Ẹni tó kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ yìí jọ dáadáa ni Walter Cannon, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló ti ń fi X-ray wo ikùn ológbò tó jẹun. Ó rí i pé bí ẹ̀rù bá ba ológbò náà, ikùn rẹ̀ á dúró gbọnin. Bí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀, ikùn á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1915, ó kọ ìwé lórí ohun tí ìrora, ebi, ìbẹ̀rù àti ìbínú ń ṣe sí ara. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ara ń múra láti jà tàbí láti sá ni.

Ní 1936, Hans Selye, tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, kọ lẹ́tà kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn Nature. Eku ló fi ṣe àyẹ̀wò. Ó fi àwọn kan sínú òtútù, ó mú kí àwọn kan ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ó fún àwọn kan ní oògùn líle. Ìyà wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ ohun kan náà ló ṣe ara wọn: adrenal wọn wú, egbò sì yọ nínú ikùn wọn. Selye ní ìpele mẹ́ta ni ara máa ń gbà kọjá. Á kọ́kọ́ ta gìrì. Á wá fara dà á fúngbà díẹ̀. Bí ìyà náà ò bá wá dópin, á rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Òun ló sọ stress di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Másùnmáwo ni Yorùbá ń pè é.

Ẹ rí i, ti ọlọ́kadà yẹn ń tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ ìdánwò, owó ilé, àti ẹ̀rù pé o máa já ẹbí kulẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ara ò sì mọ̀yàtọ̀ láàárín ọ̀kadà àti owó ilé ẹ̀kọ́. Iṣan ọrùn àti ti orí á le koko láti àárọ̀ dalẹ́, orí á máa fọ́, á máa wúwo. Ẹni tí àyà ń já á máa mí kúkúrú kúkúrú, afẹ́fẹ́ carbon dioxide nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dínkù, ara á wá máa ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn ín. Ẹni tí kò sùn, ohun tó kà ò ní dúró, torí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́ lọ́sàn-án pamọ́. Ohun tó ṣe àbúrò mi nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Iba wàyí, ká lọ sí Abẹ́òkúta, ká sì padà sẹ́yìn ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún.

Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers kọ. Òyìnbó ni, ó ti ṣe dókítà ní Kẹ́ńyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní àwa adúláwọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lo iwájú ọpọlọ wa. Ó fi wá wé òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí níwájú ọpọlọ. Ó tún ní ìbànújẹ́ ọkàn tó ń di àìsàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Lédè mìíràn, àníyàn kì í ṣe tiwa, a ò ní làákàyè tó fi ń ṣeni. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà lásán nìyẹn. Àjọ tó ga jù lórí ìlera láyé ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní 1954, Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kan ní ilé ìwòsàn Aro. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, Birmingham ló ti kọ́ ìṣègùn. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín èèyàn lálẹ́. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó sì kọ̀wé tako irú ọ̀rọ̀ tí Carothers sọ. Nígbà tó yá, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà ní WHO kan náà yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó ikọ̀ jọ, wọ́n wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti ìgboro Abẹ́òkúta. Wọ́n ń bi àwọn èèyàn nípa oorun wọn, àyà jíjá, orí fífọ́ àti ìbànújẹ́. Ní 1963 ni ìwé wọn jáde. Irú àìsàn tí ikọ̀ Leighton ti rí láàárín àwọn ará abúlé ní Kánádà ni wọ́n bá pàdé lọ́dọ̀ wa níbí. Ara kan náà ni gbogbo wa gbé wáyé.

Ní Aro yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ orí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ọpọlọ kan láti Kánádà, Raymond Prince, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní orí ń gbóná, ohun kan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣú, ohun tí àwọn kà ò yé àwọn mọ́. Àwọn fúnra wọn ló pè é ní "brain fag", ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Prince mú orúkọ náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 1960.

Ẹ ronú nípa ìgbà yẹn. Ní 1948 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Òmìnira ń bọ̀, òyìnbó ń lọ, àga ọ́fíìsì ń ṣófo. Ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo lè gbé gbogbo ilé dìde. Bàbá á ta kòkó, ìyá á kó owó àjọ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n á fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ọmọ kan ṣoṣo lè lọ. Ọmọ yẹn á wá jókòó síwájú fìtílà pẹ̀lú ìrètí ẹni mẹ́wàá lọ́rùn. Ṣé ìyanu ni pé orí rẹ̀ gbóná?

Prince rí ẹrù yẹn o. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé, ó ní ọ̀nà tí òyìnbó ń gbà kàwé, kí kálukú máa dá jókòó ka tirẹ̀, kò bá bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ Nàìjíríà mu. Bí brain fag ṣe di àìsàn ilẹ̀ adúláwọ̀ nìyẹn. Nígbà tó di 1994, ó wọnú DSM, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀. Abala àwọn àìsàn tó jẹ́ ti ẹ̀yà kan tàbí ilẹ̀ kan ni wọ́n fi í sí.

Ibi tí ìtàn yìí ti pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ ṣe brain fag! Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ti ń lo orúkọ náà fún akọ̀wé, agbẹjọ́rò àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ jù. Wọ́n ń polówó oògùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ìwé àti òwò wọn ló gbé orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwa ń lò ó nìṣó níbí. Ni òyìnbó bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu wa, ó rò pé tiwa ni. Oyedeji Ayonrinde àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ ìtàn yìí nínú ohun tí wọ́n kọ ní 2015. Wọ́n ní ó jọ pé orúkọ náà ti ń parẹ́ ní Nàìjíríà pàápàá. Nígbà tí DSM tuntun jáde ní 2013, brain fag ò ní àyè tirẹ̀ mọ́ nínú àwọn àìsàn tí wọ́n to síbẹ̀.

Orúkọ ń parẹ́, àmọ́ ohun tó ń rìn ò parẹ́. Àwọn ìyá wa ò sì dúró de òyìnbó kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1987, Roger Makanjuola, tó padà wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kọ̀wé lórí ọdẹ orí. Ó kọ ohun tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń sọ: ohun kan ń rìn kiri nínú orí, etí ń hó, àyà ń já, oorun ò wá. Ó rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àníyàn tó ti di àìsàn ló wà nídìí ti ọ̀pọ̀ wọn. Ìyá ìyá mi ò lọ sílé ìwé rí, àmọ́ òun ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú àwọn mẹ́rin yẹn.

Mi ò sọ pé kí ẹ lọ máa mu àgbo o. Gbòǹgbò asòfẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lò fún orí tó dàrú ní oògùn gidi nínú. Reserpine ni, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń dín agbára oje ìjà-tàbí-eré yẹn kù. Prince náà kọ̀wé lórí rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá pọ̀ jù, ó lè sọ èèyàn sínú ìbànújẹ́ ńlá, ó sì lè ṣe ọkàn léṣe. Ẹ má fi dán ara yín wò.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé orúkọ tí a bá fún nǹkan ló ń pinnu ohun tí a máa ṣe sí i. Carothers ní kò sí, nítorí náà kò ní wá a. Ẹni tó pè é ní ọwọ́ ayé á ná owó síbi tí kò yẹ. Ẹni tó pè é ní ọ̀lẹ á na ọmọ tó ti rẹ̀. Ẹni tó pè é ní ibà á gbé oògùn ibà mì láìsí ibà lára rẹ̀. Ẹ sì wo ibi tí à ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá LASU sílẹ̀ ní 1983, ọmọ ọlọ́mọ ń rọ́ wá sí Ọ̀jọ́, Iba àti Òkókómáíkò pẹ̀lú ìrètí ẹbí lọ́rùn. Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ òpópónà Badagry. Ní 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Òkókómáíkò tó yẹ kó jẹ́ orí ìlà náà ń wò ó lókèèrè. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru, go-slow láàárọ̀, ìdánwò lọ́sàn-án. Nígbà wo ni ara fẹ́ mọ̀ pé ọlọ́kadà yẹn ti kọjá lọ?

Lóru ọjọ́ yẹn, mo ní kí àbúrò mi pa ìwé dé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba Iba lọ. Mi ò bi í léèrè nípa ìwé. Mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ó dákẹ́ títí. Ó ní òun fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì méjì lọ́dún tó kọjá, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mọ́mì gba owó àjọ wọn láti fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀yin náà ní ojú gbogbo yín wà lára mi."

Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ tó ìgbà ogún, mo rò pé ìṣírí ni mò ń fún un. Mi ò mọ̀ pé mò ń gbé ẹrù lé e lórí ni.

A jọ pe Mọ́mì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí fóònù. Mọ́mì gbọ́ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló ní kó kú sórí ìwé? Ṣé ọmọ ni mo bí ni àbí sátífíkéètì? Ṣé ó ti jẹun?" Ọmọ yẹn sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó sùn láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, a lọ rí dókítà. Ó ti ṣe ìdánwò náà. Èsì ò tíì jáde, mi ò mọ bó ṣe máa rí. Àmọ́ ó ń sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ohun kan ń rìn lórí yín: ẹ kì í ṣe wèrè, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ sùn. Ẹ rìn díẹ̀, kí ara lè lo agbára tó kó jọ. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ jẹ́ kí èémí pẹ́ kó tó jáde. Ẹ wá ẹnìkan tí ẹ lè sọ òótọ́ fún. Bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ẹ bá ń rò ó pé kí ẹ kú, ẹ má dúró rárá, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù "Yaba Left" ń bà yín. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà ní Yábà, àwọn tó ń lọ rí dókítà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà pọ̀ jaburata.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti òbí tó ń gbọ́ wa: bí ọmọ bá ní orí ń ta òun, kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé o ń sùn? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ibí la máa dánu dúró sí lónìí. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó ń kàwé lóru. Ó dìgbà o, ẹ tọ́jú ara yín.